Mo fi FOG gbé Windows sórí kọ̀ǹpútà ogójì, ẹ wá gbọ́ bó ṣe lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú yàrá kọ̀ǹpútà nílé ìwé, ó máa yé yín dáadáa. Ogójì ló wà lọ́wọ́ mi n'Ìbàdàn níbí, tokunbọ̀ ni gbogbo wọn, HP mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Dell mẹ́rìnlá. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá fẹ́ fi Windows tuntun sí wọn, flash mẹ́ta ni mò ń gbé kiri bí ẹni tó ń kiri ẹ̀pà, màá fi Windows sí, màá wá driver, màá fi Office sí, màá fi ètò ìdánwò sí, ó di ẹyọ kan. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló gbà mí nígbà tí mo ṣe é kẹ́yìn, kí n sì tó dé orí ogójì, ti àkọ́kọ́ ti ń jẹ dátà mi fi ṣe update. Ìgbà tí Microsoft wá sọ pé àwọn ò ní tọ́jú Windows 10 mọ́ láti 14 October 2025, mo mọ̀ pé mo ní láti gbé gbogbo ẹ̀ lọ sí 11, mo sì búra pé mi ò fi flash ṣe é mọ́ láéláé.

FOG tí mo lò yìí, ètò kọ̀ǹpútà ni, ọ̀fẹ́ sì ni, kò sí kọ́bọ̀ kan tẹ́ ẹ máa san, àti ọdún 2007 ló sì ti wà. Ẹ máa gbé e sórí Linux, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, lórí kọ̀ǹpútà kan tẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀, òun ni sáfà yín, Debian, ẹ̀yà Linux kan, lèmi lò, lórí desktop àtijọ́ kan tó ní RAM 8GB àti hard disk 500GB. Ẹ máa tún kọ̀ǹpútà kan ṣe bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kí gbogbo yòókù rí, FOG á ká gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ pa mọ́, òun ni wọ́n ń pè ní image, á wá gba inú wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dà á sínú àwọn yòókù. Kọ̀ǹpútà á tan, á fi PXE, ìyẹn títan láti orí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, wá sáfà kàn, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Clonezilla, ètò mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ni mo lò ṣáájú, àwọn ará Taiwan ló ṣe é, ó dáa o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n tí dísìkì tẹ́ ẹ fẹ́ dà á sí bá fi díẹ̀ kéré sí èyí tẹ́ ẹ ti ká a, ẹ máa jìyà díẹ̀. Hard disk 500 ló wà nínú HP mi, SSD 240 ló wà nínú Dell. Ní FOG, mo kàn yan "Resizable" ni, ó fún un pọ̀, ó dé ọ̀hún, ó tún nà án. Ìyẹn nìkan tó mi.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, inú FOG kọ́ ni iṣẹ́ wà. Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ yẹn ni iṣẹ́ wà. Àṣìṣe kan lórí ẹ̀, ẹ ti ṣe é nígbà ogójì nìyẹn. Ọjọ́ méjì ni mo fi sí i. Tí Windows bá dé ibi tó ti ń bi yín léèrè orílẹ̀èdè, ẹ má dá a lóhùn, ẹ tẹ Ctrl+Shift+F3, á gbé yín wọ Audit Mode, ibẹ̀ lẹ ti máa fi gbogbo nǹkan sí láì tíì sí orúkọ ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì o, tórí Microsoft Store á máa ṣe update àwọn app lábẹ́lẹ̀, tó bá wá di ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe Sysprep, tó máa yọ àmì ìdánimọ̀ kọ̀ǹpútà yẹn kúrò kí gbogbo ogójì má baà máa jẹ́ ẹnì kan náà, Sysprep á kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ̀ fún mi. Fáìlì setupact.log tó wà nínú fódà Panther ni mo kà kí n tó rí app tó ń dí mi lọ́wọ́. Ẹ tún yẹ BitLocker wò, Windows 11 lè ti dísìkì fúnra ẹ̀ láì bi yín, kẹ́ ẹ sì tẹ powercfg /h off, torí tí Windows bá ń sùn tí kò kú pátápátá, FOG ò ní lè fún image yẹn pọ̀.

Èyí tó dójú tì mí jù rèé. Mo fi sáfà mi sórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilé ìwé, mo sì ti sọ fún FOG pé kó máa ṣe DHCP, ìyẹn ni pé kó máa pín àdírẹ́sì fún àwọn kọ̀ǹpútà. Router wa náà ń ṣe DHCP tiẹ̀. Ọ̀gá méjì nínú ọkọ̀ kan. Kò pé wákàtí kan tí màmá bọ́sà fi jáde sí kọ́rídọ̀, "Ìwọ ọmọ yìí, kí lo ṣe sí íntánẹ́ẹ̀tì mi?" Ọ̀dọ̀ mi ni kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọn ti lọ gba àdírẹ́sì, èmi ò sì ní íntánẹ́ẹ̀tì tí mo lè fún wọn. Mo ní kí wọ́n má bínú, mo yọ wáyà. Láti ọjọ́ yẹn, suwíìṣì tó dá dúró, tí kò kan router rárá, ni mo fi ń ṣe é. Àwọn kan ń lo ètò kan tó ń jẹ́ dnsmasq kí méjèèjì lè jọ máa gbé pọ̀, suwíìṣì tiẹ̀ lọ́tọ̀ rọrùn fún èmi.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ àkókò. Image mi tó 21GB lẹ́yìn tó ti fún un pọ̀, suwíìṣì mi sì jẹ́ 100 megabit, èyí tó ń gbé bíi 11MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó máa lé ní ogún wákàtí, mẹ́wàá péré ni FOG sì máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tẹ́ ò bá yí i padà. Multicast lọ̀nà, ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn ń gbọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́, ó ní wákàtí márùn-ún ló kù. Mo ní kí ló dé? Mo wo suwíìṣì, iná ẹnì kan ò rí bíi tàwọn yòókù: wáyà kan tí mo tẹ orí ẹ̀ fúnra mi ló wà lórí 10 megabit, ẹni tó bá sì lọ́ra jù ni gbogbo wọn máa ń dúró dè. Mo pààrọ̀ ẹ̀. Ó ti ń sáré báyìí, ó dé ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, NEPA mú iná. Gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kò sí pé ó máa ń ti ibi tó dúró sí lọ. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kódà tí iná bá wà. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló pé, ìṣẹ́jú márùndínlógójì, ogójì tán.

Àbí kí n sọ pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tán. Àwọn Dell kọ̀ láti tan, wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn lè boot, tórí orí Legacy, ọ̀nà títan àtijọ́, ni BIOS wọn (ètò tó ń tan kọ̀ǹpútà) wà, orí UEFI, ọ̀nà tuntun, ni mo sì ti ká image. Ẹjọ́ mi ni, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tan. Mẹ́ta nínú wọn tún ń gbàgbé tíná bá lọ, bátìrì CR2032 inú wọn ti kú, mo lọ ra òmíràn ládùúgbò Queen Cinema.

Àléébù FOG náà wà o. Ẹ ní láti pa Secure Boot, ẹ̀ṣọ́ tí kì í jẹ́ kí ètò tí kò mọ̀ tan kọ̀ǹpútà, kó tó lè tan, ẹ lè tàn án padà tẹ́ ẹ bá ṣe tán. Ojú ìwé tẹ́ ẹ ti ń darí ẹ̀ ò rẹwà, ó sì kún fún nǹkan tẹ́ ẹ̀ ní lò láé. Páswọọ̀dù tó bá a wá ni "password", ẹ yí i lọ́jọ́ náà, ọmọ SS3 ò kí ń ṣe ọmọdé. Kò sì fún yín ní láìsẹ́ńsì Windows, ìyẹn yín lẹ máa bójú tó. Síbẹ̀, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ẹnì kan ba kọ̀ǹpútà L17 jẹ́, mi ò tiẹ̀ bèèrè ẹni tó ṣe é. Mo tẹ Deploy, mo lọ jẹ àmàlà lẹ́yìn gétì, mo padà dé, ó ti ń dúró de orúkọ àti páswọọ̀dù.