Lésà, awò ojú àbí kọ́ńtáàtì: ìfiwéra fún ará Ìkòròdú tó fẹ́ náwó lé ojú rẹ̀

Lọ́dún tó kọjá, òjò ká mi mọ́ orí ọ̀kadà láàárín Ògólóńtò sí Sábó. Omi bo awò ojú mi, mo bọ́ ọ sápò, gbogbo ọ̀nà wá di iná pupa àti iná funfun tó ń gbọ̀n. −7.00 ni nọ́ńbà ojú mi lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Láìsí awò, bí mo bá na ọwọ́ jáde, ìka tèmi fúnra mi á dà bí òwú. Ọjọ́ náà ni mo búra pé lésà ni màá ṣe.

N kò tíì ṣe é. Ṣùgbọ́n mo ti lọ fún àyẹ̀wò, mo sì ti tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti àbúrò mi obìnrin lọ fún tiwọn. Inú ilé kan náà la ti jáde, ìyá kan náà ló bí wa, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni èsì tí wọ́n fún wa. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ló ń bi mí pé, "Èló ni?" Mo ti ń sọ fún wọn pé ìbéèrè yẹn kọ́ ló ń ṣíwájú. Irú ojú wo lẹ ní? Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni lésà yìí ń ṣe?

Lésà pọ̀ ní ọsibítù ojú. Èyí tí wọ́n ń lò fún glaucoma (àrùn tó ń jẹ ìríran díẹ̀díẹ̀, tí ìfúnpá inú ojú sábà ń dá sílẹ̀) yàtọ̀, èyí tí wọ́n ń lò fún ojú tí ìtọ̀ ṣúgà ti bà jẹ́ náà yàtọ̀. Ìyá kan ládùúgbò wa ní kí n bá òun mú bàbá àwọn ọmọ òun lọ "fi lésà fọ ojú". Mo wo bàbá lójú, mo rí ohun funfun tó bo ẹyinjú. Ó jọ katarátì. Bó bá jẹ́ òun ni, iṣẹ́ abẹ mìíràn ló ń fẹ́: wọ́n á yọ léńsì inú ojú tó ti ṣú, wọ́n á fi ti oníke rọ́pò rẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé bàbá lọ sí ẹ̀ka ojú ní ọsibítù ìjọba nítòsí, kí wọ́n má tíì ronú LASIK, ìyẹn lésà tí wọ́n fi ń bọ́ lọ́wọ́ awò, rárá. Ní ti glaucoma, ohun tó bá ti jẹ nínú ìríran èèyàn, kò sí lésà tó ń dá a padà.

Lésà tí mò ń sọ níbí wà fún ẹni tó ń lo awò nítorí pé kò rí ọ̀ọ́kán dáadáa. Wọ́n tún ń lò ó fún àwọn kan tí ìtòsí ń ṣú mọ́ lójú láti kékeré, tàbí tí iwájú ojú wọn kò rí roboto. Kọ́níà ló ń gbẹ́, ìyẹn awọ mímọ́ gaara tó wà níwájú ẹyinjú bíi gíláàsì ojú aago.

Nínú LASIK, wọ́n á kán oògùn tí kò ní jẹ́ kí ojú mọ ìrora, wọ́n á ṣí awọ tínrín kan lórí kọ́níà bí ẹni ṣí ojú ìwé, lésà á gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì dà á padà. Kò sí abẹ́rẹ́ òun òwú ńbẹ̀. Ojú méjèèjì kì í sábà ju 30 ìṣẹ́jú lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì ti máa ríran dáadáa lọ́jọ́ kejì. Irú kejì, PRK, kò ní awọ tí wọ́n ń ṣí bí ìdérí bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀. Wọ́n á ha awọ òkè pátápátá kúrò, á sì hù padà fúnra rẹ̀ láàárín bí ọjọ́ mẹ́rin sí ọ̀sẹ̀ kan, lábẹ́ kọ́ńtáàtì (léńsì rírọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú) tí wọ́n fi bò ó. Ojú á ta yín lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, n kò ní tàn yín, omi á máa dà, ìmọ́lẹ̀ á di ọ̀tá. Ó tún lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìríran tó dúró ire. Irú kẹta ni SMILE, ihò kékeré kan ni wọ́n ń gbà fa díẹ̀ yọ nínú ẹran kọ́níà. PRK ló dàgbà jù nínú wọn: ọdún 1995 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti èlò ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i, LASIK tẹ̀ lé e kí ọdún 2000 tó dé, SMILE sì di ọdún 2016.

Ìṣirò ẹ̀yìn ìwé

Mo gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ. Òrùka funfun nínú òrùka funfun ni mò ń wò, bí ìgbà tí òkúta bọ́ sódò. "Ẹ má ṣẹ́jú o." Ìwé jáde láti inú ẹ̀rọ, àwọ̀ ewé, yẹ́lò àti pupa wà lára rẹ̀ bí máàpù, wọ́n sì tẹ nọ́ńbà kan sáàárín: 468. Bí kọ́níà mi ṣe nípọn tó nìyẹn, ní máíkírọ́ọ̀nù, 1,000 rẹ̀ ló wà nínú mìlímítà kan. Ti ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wà ní àyíká 540, tàwa aláwọ̀ dúdú sì sábà máa ń fẹ́lẹ́ ju ti òyìnbó lọ díẹ̀.

Dókítà yí ìwé dà, ó fi báírò ṣe ìṣirò sẹ́yìn rẹ̀ lójú mi. Awọ tí wọ́n máa ṣí fún LASIK á kó bí 110 lọ, ó ku 358. Fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tí ojú ń lò, lésà á gbẹ́ bí 14. Méje ni tèmi, ìyẹn 98, ó wá ku 260. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn nísàlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí 250. Ó fàlà sábẹ́ 10 tó ṣẹ́ kù. Fọ́nrán irun orí kan nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mélòó kan.

"Mi ò ní ṣe LASIK fún yín," ó wí bẹ́ẹ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Kọ́níà tó bá fẹ́lẹ́ jù lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síta díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí báàgì táyà tó fẹ́ bẹ́, ìríran á wọ́, awò lásán kò sì ní lè tún un ṣe mọ́. Ó ní PRK ṣeé sọ̀rọ̀ lé lórí fún mi, torí 110 ìdérí yẹn kò sí nínú rẹ̀, àmọ́ òun fẹ́ tún un wọ̀n lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kó lè dá òun lójú pé kọ́níà mi kò yí padà.

Ti àbúrò mi jẹ́ 545, nọ́ńbà rẹ̀ −3.00. Ẹ yọ 110, ẹ yọ 42, ó ku 393. Ààyè ṣì pọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fọ́mọ lọ́mú lọ́wọ́. Oyún àti ọmú a máa yí nọ́ńbà ojú padà, wọ́n ní kó lọ gba ọmú lẹ́nu ọmọ ná. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì yí padà láàárín ọdún kan sẹ́yìn, ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ kò sí ní ìkáwọ́, ẹni tí ojú rẹ̀ ti gbẹ tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn ni dókítà tó mọṣẹ́ máa dá padà sílé.

Nítorí náà, àyẹ̀wò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, kẹ́ ẹ sì gba ìwé rẹ̀ dání. Ibi tí wọ́n bá ti ń bá yín sọ iye owó àti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kí àgbọ̀n yín tó kan ẹ̀rọ, ẹ dìde. Ẹ mú èèyàn kan dání pẹ̀lú. Wọ́n máa ń kán oògùn tó ń mú kí ihò dúdú àárín ojú fẹ̀. Nígbà tí mò ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, iná gbogbo mọ́tò tó wà ní Mile 12 tàn bí oòrùn, n kò lè ka nọ́ńbà ẹni tó ń pè mí lórí fóònù.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi

Ẹ̀gbọ́n mi ń ránṣọ ní Sábó. Ó ti pé 46, −2.50 sì ni ojú rẹ̀. Bó bá fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó máa ń ti awò lọ síwájú orí, á gbé abẹ́rẹ́ súnmọ́ ojú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òwú á wọlé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń fi ojú wọn yangàn nígbà tí wọ́n wà léwe ti ń pe ọmọ iṣẹ́ kó bá àwọn ki òwú. Ó rò pé oore Ọlọ́run ni. Ojú tí kò rí ọ̀ọ́kán yẹn gan-an ló ń ràn án lọ́wọ́.

Lẹ́yìn nǹkan bí 40 ọdún, léńsì inú ojú a máa le, kì í lè fà sún mọ́ ìtòsí mọ́. Gbogbo èèyàn ló ń kàn. LASIK kò fọwọ́ kan léńsì náà, kọ́níà ni tirẹ̀. Bí wọ́n bá tún ojú ẹ̀gbọ́n mi ṣe fún ọ̀ọ́kán, yóò rí nọ́ńbà bọ́ọ̀sì láti òdìkejì títì, àmọ́ yóò máa wá awò kó tó lè ki òwú. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń ṣe ojú kan fún ọ̀ọ́kán, èkejì fún ìtòsí. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀, orí a sì máa yí àwọn mìíràn. Ẹ fi kọ́ńtáàtì dán an wò fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n fi lésà ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò ta abẹ́rẹ́ òun. Mo bi dókítà náà léèrè ìdí tóun fúnra rẹ̀ fi ń lo awò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìwé lòun fi ń kà, òun ti lé ní 50.

Awò àti kọ́ńtáàtì ńkọ́?

Awò kò lè pa ojú lára, ìyẹn ni mo fi fi í síwájú. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń gba ooru bí ẹ bá ṣí ìkòkò ẹ̀bà, nọ́ọ̀tì rẹ̀ máa ń bọ́ (tèmi ti jókòó lórí òwú dúdú fún oṣù méjì), òjò sì ń fọ́ ọ lójú. Fún nọ́ńbà ńlá bíi tèmi, ẹ béèrè léńsì fífẹ́lẹ́, ó wọ́n, ṣùgbọ́n kò ní jọ ìdí ìgò.

Kọ́ńtáàtì ń fúnni ní ojú tó mọ́ láìsí férémù, àmọ́ ó ń fẹ́ ọwọ́ mímọ́ lójoojúmọ́. A kì í fi omi bọ́ọ̀hóòlù fọ̀ ọ́, a kì í fi píọ̀ wọ́tà fọ̀ ọ́, oògùn tiẹ̀ nìkan ni. Kòkòrò kan wà nínú omi tí wọ́n ń pè ní acanthamoeba, bó bá ráyè sábẹ́ kọ́ńtáàtì, ó lè jẹ kọ́níà títí tí ojú á fi fọ́. A kì í fi í sùn. Ẹni tó ń bọ̀ láti Erékùṣù ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí oorun ń gbé lọ nínú bọ́ọ̀sì, kó rò ó dáadáa. Ti aláwọ̀ tí àwọn ọmọge ń rà nítorí ìgbéyàwó láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọn ojú wọn, n kò fẹ́ gbọ́ rárá. Bẹ́ ẹ bá sì ti ń lo kọ́ńtáàtì rírọ̀, ẹ yọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí ẹ tó lọ ṣàyẹ̀wò lésà, torí ó ń tẹ kọ́níà, nọ́ńbà á sì parọ́.

Ní ti owó, dọ́là ló ń darí iye tí wọ́n ń pè lésà, torí ẹ̀rọ àti èlò rẹ̀ láti òkèèrè ni. Ẹ ṣe é báyìí: ẹ kọ iye tí awò tàbí kọ́ńtáàtì àti oògùn rẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ yín lọ́dún kan sílẹ̀, ẹ fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó lésà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti pé 38 kó rántí pé awò ìkàwé ń bọ̀ lọ́nà, owó awò kò ní tán. Ẹ sì bi wọ́n: ṣé ojú méjèèjì ni iye yìí? Ṣé oògùn àti ìpadàwá wà nínú rẹ̀? Bí ó bá ku díẹ̀ káàtó lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ta ló máa sanwó àtúnṣe?

Bó bá jẹ́ lésà lẹ fẹ́

Ojú gbígbẹ ló wọ́pọ̀ jù lẹ́yìn LASIK, ó lè gba oṣù mélòó kan, kò sì tán lára àwọn kan. Àwọn mìíràn ń rí òrùka yí iná ká lóru. Ẹni tó ń wakọ̀ alẹ́ lọ sí Ṣàgámù ní láti gbọ́ ọ kó tó sanwó. Ẹni tó ń jó irin ní Òdógúnyàn, tàbí tó ń ja ẹ̀ṣẹ́, kó sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún dókítà, torí ìdérí LASIK lè yẹ̀ bí nǹkan bá gbá ojú, kódà lẹ́yìn ọdún púpọ̀. PRK ni wọ́n sábà ń fẹ́ fún irú wọn.

Bí glaucoma bá wà nínú ẹbí yín, àwa aláwọ̀ dúdú ló sì ń bá jà jù, ẹ fi ìwé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ pamọ́ bí ìwé ilẹ̀. Kọ́níà tí wọ́n ti gbẹ́ a máa jẹ́ kí ìfúnpá inú ojú dà bí ẹni pé ó lọ sílẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Dókítà tí kò mọ̀ pé ẹ ti ṣe lésà lè sọ pé kò sí nǹkan kan.

Gbogbo ibi tí mo ti bá ẹ̀rọ náà pàdé, Ìkẹjà àti Erékùṣù ni. Ẹ ó padà lọ́jọ́ kejì, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó sì tún kù. Ẹ ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn, tàbí ẹ wábi sùn lọ́dọ̀ ẹbí lálẹ́ àkọ́kọ́, torí eruku ọ̀nà wa yìí àti ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ kò lè bára wọn rìn. A kì í fọwọ́ ra á. Kò sí tìróò fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì. Omi kò gbọ́dọ̀ wọ ojú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, nítorí náà ẹ̀yin tó ń ṣe àlùwàlá, ẹ bi alùfáà yín kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Bí ìyá ọkọ bá sì ní kí wọ́n fún omi ọmú sí i, ẹ rẹ́rìn-ín sí wọn, ẹ má sì jẹ́ kó kan ojú yín.

Àbúrò mi ti ṣèlérí pé bí ọmọ bá ti fi ọmú sílẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ sì dúró, èmi ni màá sìn ín lọ. Ní tèmi, oṣù kẹfà tí dókítà dá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti fi nọ́ọ̀tì gidi rọ́pò òwú dúdú yẹn ná.