Náílọ́nù alámọ̀: ooru kì í tètè tẹ̀ ẹ́

Kóró náílọ́nù 6 (irú ike líle kan, kì í ṣe náílọ́nù àpò) tí wọ́n po amọ̀ mọ́ ni mo fi ń ṣe ìdérí ẹ́ńjìnnì báyìí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni. Amọ̀ inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe pọ̀. Toyota ló fi irú rẹ̀ ṣe ìdérí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Camry nígbà tí ọdún 1990 ń kù sí dẹ̀dẹ̀. Nínú àyẹ̀wò tiwọn, náílọ́nù lásán ń tẹ̀ lábẹ́ ẹrù ní nǹkan bí 65°C. Alámọ̀ kò tẹ̀ títí ooru fi kọjá 150°C. Ìyàtọ̀ ńlá mà nìyẹn o!

Ẹ wo ojú ibi tí a bá ti gé e: ó dán, àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba, kò sí hóró funfun kankan. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ ojúlówó. Amọ̀ náà jẹ́ ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó nánómítà 1 péré (ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà kan); àfi kí wọ́n tú ká kí agbára tó dé. Èyí tí mo rà lọ́wọ́ olùtajà kan rí, amọ̀ rẹ̀ ṣù pọ̀, ibi tó ṣù sí náà ló ti ń là.

Bí ẹ bá fà á, ó le dáadáa. Òòlù nìkan ni kò fẹ́. Ẹ má fi ṣe ohun tí wọn yóò máa gbá. Ẹ sì mú un gbẹ ní 80°C kí ẹ tó yọ́ ọ, torí náílọ́nù máa ń fa omi.