Ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ ojú omi: èwo ló yẹ kí ẹ rà?

Ọkọ̀ tó bá ti wà nínú omi iyọ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ fọwọ́ ra abẹ́ rẹ̀ wò: á máa yọ̀ bí ara ẹja àrọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn yíyọ̀ yẹn ni ewédò á hù, tí á máa mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ bí irùngbọ̀n arúgbó. Lẹ́yìn ìyẹn ni barnacle á dé, òun gan-an sì ni olórí ọ̀tá. Ẹ̀dá kékeré ni, ó ní ìkarahun tó le bí òkúta, àlẹ̀mọ́ tó ń tinú ara rẹ̀ jáde kò sì ṣe é fọwọ́ yẹ̀yẹ́ mú. Bí ẹ bá fi irin ha á, orí á lọ, ìdí á ṣẹ́kù bí òrùka funfun tó lẹ̀ típẹ́típẹ́. Ọkọ̀ tí wọ́n bá bò lábẹ́ á máa wọ́ bí ẹni tó ru ẹrù, ẹ́ńjìnnì á máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ, ìtọ́kọ̀ náà á sì máa lọ́ra.

Ọ̀dà antifouling la fi ń lé wọn. Ohun tí àwọn tó fẹ́ rà á máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé èwo ló dára jù. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn: oṣù mélòó ni ọkọ̀ yín ń lò nínú omi lọ́dún? Báwo ló ṣe ń sáré tó? Kí ni wọ́n fi kàn án? Ẹni tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ èyí tó máa rà. Ẹni tó sì ń wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ jáde sórí tírélà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kó fi owó rẹ̀ sápò. Omi mímọ́ àti kànìnkànìn ti tó o.

Èyí tó ń tán díẹ̀díẹ̀ àti èyí tó le

Àárín àwọn méjì yìí ni ọ̀pọ̀ olówó ọjà á ti yàn. Oògùn kan náà ló sábà máa ń wà nínú wọn, ìyẹn cuprous oxide, lẹ́búlẹ́bú pupa tí wọ́n ń fi bàbà ṣe. Ọ̀nà tí bàbà yẹn fi ń jáde ló yàtọ̀.

Ọ̀dà rírọ̀, tí wọ́n ń pè ní ablative, ń tán bí ọṣẹ ṣe ń tán lọ́wọ́ ẹni tó ń wẹ̀. Bí omi ṣe ń gbá a kọjá ni awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ń lọ, tí bàbà tuntun á sì yọjú lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà líle ní tirẹ̀ kì í kúrò níbi tí ẹ kùn ún sí. Bàbà inú rẹ̀ ni omi ń fà jáde, nígbà tí àkókò rẹ̀ bá sì pé, ọ̀dà ṣì wà lára ọkọ̀ ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti ṣófo. Ẹ óò tún kùn ún lé e lórí. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, abẹ́ ọkọ̀ á nípọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í là, á máa bó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, títí ọjọ́ tí ẹ máa fi ha gbogbo rẹ̀ kúrò pátápátá. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Ọ̀dà rírọ̀ kì í kó ẹrù jọ báyẹn: ẹ fọ ọkọ̀, ẹ fi sáńpépà rìn ín díẹ̀, ẹ kùn ún.

Ọ̀rọ̀ gbígbé ọkọ̀ jáde tún ṣe pàtàkì. Bí ọkọ̀ bá jáde lómi fún ọ̀pọ̀ oṣù, atẹ́gùn máa ń ba bàbà tó wà lójú ọ̀dà líle jẹ́, bó bá sì padà sómi kò ní lè ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà rírọ̀ ló ń fara da èyí, torí ojú tó bàjẹ́ náà á wẹ̀ kúrò.

Kí wá ni ọ̀dà líle wà fún? Eré sísá. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń já bí ọfà lórí omi á fọ ọ̀dà rírọ̀ dànù kí àsìkò tó pé. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ onígbòkun díje náà fẹ́ràn èyí tó le, nítorí pé wọ́n lè fi sáńpépà dán an títí á fi jọ awo, kí òmùwẹ̀ sì máa fi bùrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi. Bí ẹ bá dán irú ẹ̀ wò lára ọ̀dà rírọ̀, ẹ óò rí i tí omi á pọ́n lójú ẹsẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fọ aṣọ aláró tó ń ṣí. Owó yín ló ń ṣàn lọ yẹn, oró sì ni sínú omi.

Ẹ̀yà kan wà lára àwọn rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní self-polishing. Omi iyọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń tú u ní ìwọ̀nba, kò gbára lé ìgbálọ omi nìkan, nítorí náà ó sàn fún ọkọ̀ tó ń pẹ́ ní ìdákọ̀ró. Fún ọkọ̀ tí eré rẹ̀ kò pọ̀, tó ń jáde lómi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, òun ni mo máa ń ní kí wọ́n rà. Ẹ ra àwọ̀ méjì. Ẹ fi àwọ̀ kan kun ti àkọ́kọ́, kí ẹ fi èkejì kùn lé e lórí. Ọjọ́ tí ẹ bá rí àwọ̀ ìsàlẹ̀ tó ń yọjú níwájú ọkọ̀ tàbí létí ìtọ́kọ̀, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀dà ti ń tán nìyẹn. Àwọn ibi wọ̀nyẹn, pẹ̀lú ibi tí ojú omi dé lára ọkọ̀, ló yẹ kí ẹ fi ìkùn kan lé sí i fún.

Silicone àti epoxy oníbàbà

Silicone, ọ̀dà tó dà bíi rọ́bà, kò ní oró nínú. Ó kàn ń dán ni, nǹkan kì í lè dì í mú dáadáa, bí ọkọ̀ bá sì ti sáré, ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn á já bọ́. Ọkọ̀ tó ń sáré déédéé ló bá mu. Èyí tó máa ń so mọ́lẹ̀ ní èbúté fún oṣù méjì kò lè jèrè rẹ̀. Ó tún jẹ́ ẹlẹgẹ́: okùn tàbí irin tó bá fẹnu kàn án á ya á, ọ̀dà mìíràn kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá yàn án, kó mọ̀ pé òun ti bá a dé ìdí.

Epoxy (àlẹ̀mọ́ oníke tó máa ń gan le koko) tí wọ́n po lẹ́búlẹ́bú bàbà mọ́ máa ń lo ọ̀pọ̀ ọdún lára ọkọ̀. Owó rẹ̀ wọ́n níbẹ̀rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ha gbogbo ọ̀dà àtijọ́ kúrò títí dé ara ọkọ̀ gan-an. Ojú ọjọ́ tó tutù tàbí tó ní ọ̀rinrin á ba iṣẹ́ náà jẹ́. Tí ẹ bá ní in lọ́kàn láti lo ọkọ̀ náà pẹ́, ó tó bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá máa tà á láìpẹ́, ẹlòmíràn lẹ ń ṣe é fún.

Ọkọ̀ aluminium

Níbí ni mo bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀. Cuprous oxide kò gbọ́dọ̀ kan aluminium. Bí bàbà àti aluminium bá pàdé nínú omi iyọ̀, aluminium ló máa jẹrà, á lu ihò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fáíbà ló sì ní ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì aluminium lẹ́yìn, àwọn tó ni wọ́n máa ń gbàgbé èyí. Ẹ wá èyí tí wọ́n fi cuprous thiocyanate, irú oògùn bàbà mìíràn, ṣe, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì kọ ọ́ pé ó dára fún aluminium, tàbí èyí tí kò ní bàbà rárá. Ọkọ̀ irin lè lo ọ̀dà oníbàbà bí epoxy tó nípọn, tí kò sán, bá wà láàárín wọn. Àwọn anode tó wà lára ọkọ̀, irin tí wọ́n so mọ́ ọn kí ìpẹtà lè jẹ òun dípò ọkọ̀, ẹ má fi ọ̀dà kankan kàn wọ́n.

Agolo àtijọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá fi ọ̀dà àtijọ́ tó "lágbára ju ti ìsinsìnyí lọ" lọ̀ yín, ẹ má gbà á. Èyí tó ní tributyltin, tí wọ́n ń pè ní TBT, lágbára lóòótọ́. Ó ba ìṣáwùrú (oyster) etíkun Arcachon jẹ́ ní ilẹ̀ Faransé débi pé ní 1982 ìjọba ibẹ̀ fòfin dè é fún àwọn ọkọ̀ kéékèèké, ó sì ń mú kí abo ìgbín òkun hu ẹ̀yà ara akọ. Àdéhùn IMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìnnà ọkọ̀ ojú omi, lórí rẹ̀ wáyé ní 2001, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2008. Láti 2023, wọ́n ti fi cybutryne náà, oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà láti lé ewédò, kún ohun tí wọ́n fòfin dè.

Kí ẹ tó kùn ún

Ẹ mọ ohun tó wà lára ọkọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀dà rírọ̀ lè gun orí líle tí wọ́n ti fi sáńpépà ha dáadáa. Líle kò lè gun orí rírọ̀. Mo ṣe é rí, torí mo ń kánjú: kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti ń ṣí ní abala abala bí èèpo àlùbọ́sà, gbogbo rẹ̀ ni mo sì tún ha. Bí ẹ kò bá mọ irú èyí tó wà níbẹ̀, ẹ fi ọ̀dà ìsopọ̀ tí wọ́n ń pè ní tie coat sáàárín.

Bí ẹ bá fẹ́ ha á, omi ni kí ẹ fi máa ha á. Eruku rẹ̀ lóró, ẹ má fà á símú. Ẹ wọ ìbòmú gidi, ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì, ẹ tẹ́ nǹkan sílẹ̀ kí ẹ lè kó ohun tó já bọ́, kó má ṣàn padà sómi.

Agolo náà á wúwo lọ́wọ́ yín ju bó ṣe tóbi lọ. Bàbà ni. Ó máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹrẹ̀ pupa, bí ẹ kò bá ro ó dénú, omi orí rẹ̀ nìkan ni rólà á gbé, ìyókù á wà lágolo. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ ha ìsàlẹ̀ títí igi náà kò fi ní gbé ògúlùtu kankan jáde mọ́, kí ẹ sì tún máa rò ó bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

Ẹ ka ara agolo fún wákàtí tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ìkùn kan sí èkejì, àti ọjọ́ tó pẹ́ jù tí ọkọ̀ lè fi dúró kó tó wọ omi. Ibi tí àwọn igi ìtìlẹ́yìn ti gbé ọkọ̀ ró lẹ máa fi kẹ́yìn: ẹ tọ́jú ọ̀dà díẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ti fi kíréènì gbé e sókè, kí ẹ kun àwọn ojú ibẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.