Rọ́bà bí èékánná: ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe fóònù kan ní Challenge, Ìlọrin

Aṣọ òfì ni mò ń tà ní Ìlọrin níbí, orí fóònù sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi wà. Ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní Àbújá á pè, á ní kí n fi àwọ̀ ránṣẹ́, á ná an, á tún pè. Ẹ wá wo ẹni tí fóònù rẹ̀ ń ṣe ségesège.

Fóònù mi já bọ́ lọ́wọ́ mi, pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ojú rẹ̀, fọ́. Mo gbé e fún ẹnì kan nítòsí ilé, ó gba ₦25,000, ó fi tuntun sí i, ó lẹ gíláàsì bò ó, ó ń dán gbinrin. Àṣé wàhálà ló lẹ̀ mọ́ ọn. Bí mo bá ti gbé ìpè báyìí, ojú fóònù á ṣú, kódà bí mo gbé e sórí tábìlì. Bí ilé ìfowópamọ́ bá ní kí n tẹ 1, níbo ni n ó ti rí 1 tẹ̀? Ọmọ àbúrò mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó wọ inú sẹ́tìn, ó pa ohun tó ń mú un ṣú. Inú mi dùn títí di ọjọ́ kejì.

Ohun tí ó pa yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni máa tẹ nǹkan nígbà tí fóònù bá wà létí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi wá di akọ̀wé. Á pa ohùn mi, ẹni tó pè á máa ké "Hẹ́lò? Hẹ́lò?" Á já ìpè. Èyí tó dùn mí jù ni ti obìnrin kan tó jókòó níwájú mi tó ń ka ₦70,000 lọ́wọ́, owó ẹtù. Mo ti ń sọ fún un pé èrè kankan ò sí nínú ẹ̀. Oníbàárà Àbújá pè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tẹ sípíkà, ohùn rẹ̀ sì jáde gbàgàdà: "Ìyá, ẹtù yẹn náà, ṣebí ₦60,000 lẹ ní?" Obìnrin iwájú mi ò bínú o. Ó rọra ká aṣọ náà, ó fi í sórí àga, ó ní òun ń bọ̀. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ìgbà náà ni wọ́n júwe ṣọ́ọ̀bù yìí fún mi ní Challenge. Ibẹ̀ há, ó móoru, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń bú ramúramù lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí ọmọkùnrin yẹn tó fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan, ó bi mí pé, "Ìyá, ta ló ṣí fóònù yìí kẹ́yìn?" Mo mọ̀ lọ́gán pé mo ti dé ibi tí mò ń lọ.

Ó pe ìpè kan, ó wá gbé kámẹ́rà fóònù tirẹ̀ dojú kọ ẹ̀bá ibi tí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lára tèmi. Iná àlùkò kékeré kan ń ṣẹ́jú níbẹ̀! Ojúyòójú ò lè rí i, kámẹ́rà ló ń rí i. Ó ní iná yẹn ló ń lọ kan ojú èèyàn, tó sì ń padà wá bá ohun mìíràn tó ń kà á. Bí èyí tó padà bá ti pọ̀, bí ìgbà tí ojú bá sún mọ́ ọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5, fóònù á pa ojú rẹ̀. Rọ́bà kan tí kò ju èékánná lọ ló wà láàárín méjèèjì, kí iná má baà ta lára gíláàsì padà láìdé ibì kankan. Ó ní ó jọ pé rọ́bà yẹn ni wọ́n jù nù.

Ó kọ́kọ́ ṣí gíláàsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, torí etí rẹ̀ dúdú, ó sì bo ojú iná náà. Kò yí padà. Ó gbé e sórí irin gbígbóná, ó ṣí pánẹ́ẹ̀lì, ó pè mí wá wò ó: ihò rọ́bà ṣófo, gáàmù sì dà síbẹ̀ bí omi ẹ̀kọ. Ó fi òwú àti sípírítì nù ún, ó yọ rọ́bà lára òkú fóònù kan, ó gé e sí ìwọ̀n. Nígbà tó pa á dé, ó wọ ibì kan nínú fóònù náà, ó jẹ́ kó tún ara rẹ̀ wọ̀n láìsí nǹkan kan níwájú rẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ síwájú rẹ̀, fóònù kọ 0, ìyẹn pé nǹkan sún mọ́ ọn. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó kọ 5, ìyẹn pé kò sí nǹkan nítòsí. Ó gbé fóònù lọ síta láti dán an wò níbẹ̀, torí oòrùn náà ní irú iná yẹn nínú. Ó tún ní kí n fi kan ibi irun, ó ní irun dúdú kì í dá iná padà bí awọ ojú, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti máa ń kùnà. Tèmi ò kùnà.

Mo gbé fóònù ọmọ mi fún un, kò sí iná kankan lára rẹ̀. Ó ní àwọn kan ò ní i. Ìró tí etí èèyàn ò lè gbọ́ ni wọ́n ń rán jáde, tí ẹnu gbohùngbohùn á wá gbọ́ bó ṣe padà. Ó ní fóònù Xiaomi Mi MIX ti ọdún 2016 ti ń lo irú rẹ̀, pé ilé iṣẹ́ Elliptic Labs ti ilẹ̀ Norway ló ṣe é. Ó ní irú wọn, bí ìdọ̀tí bá dí ojú ihò, kí wọ́n kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún.

₦4,000 ló gbà. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta ni, mo sì jókòó tì í, torí kì í fúnni ní rìsíìtì. Kì í ta gíláàsì ojú fóònù, ó kàn sọ irú èyí tó ṣí lókè, mo lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Láàárín oṣù kan báyìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ò tẹ nǹkan kan.

Ẹ tètè lọ láàárọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ti ń palẹ̀ mọ́ bí ago méjìlá bá lù. Ẹ má sì wulẹ̀ pè é kí ẹ tó lọ. Gbogbo fóònù tó kún iwájú rẹ̀ yẹn, tirẹ̀ nìkan ni kì í gbé.