Kí obìnrin lọ bá ẹ̀kọ́ ni, àbí kí ẹ̀kọ́ wá bá a nílé?

Ẹ jẹ́ ká fi ètò méjì wéra. Barefoot College, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972 ní Tilonia ní Íńdíà, máa ń kó àwọn obìnrin abúlé láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jọ fún oṣù 6 láti kọ́ iṣẹ́ iná sólà. Tostan, tó bẹ̀rẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gà ní 1991, ń gbé kíláàsì ìlera àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ sí abúlé fún nǹkan bí ọdún 3.

Ní ti owó, ti Tilonia ń fẹ́ owó ọkọ̀ òfurufú, ilé àti oúnjẹ; ti Tostan ń fẹ́ olùkọ́ tí yóò máa gbé láàárín wọn.

Èdè ni mo kà sí jù. Ní Tilonia, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà gbọ́ èdè ara wọn, nítorí náà àwọ̀ àti ìfọwọ́júwe ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Kò sí ìwé kíkà ńbẹ̀ tí yóò dójú ti ẹnikẹ́ni. Ti Tostan, èdè abínibí wọn ni, pẹ̀lú orin àti ìtàn.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò tọ́jú ọmọ fún oṣù 6? Ìyá àgbà ló sábà ráyè, àwọn ni Tilonia sì ń yàn jù, ọgbọ́n ńlá ni lójú mi. Ní abúlé, ọjọ́ ọjà àti ìkórè ló ń pa kíláàsì lára.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí obìnrin kan tàbí méjì lè ṣe fún gbogbo abúlé, ẹ rán wọn lọ. Bó bá jẹ́ ìlera tàbí àṣà tí gbogbo ilé gbọ́dọ̀ jọ fẹnu kò lé lórí, ẹ gbé kíláàsì lọ bá wọn.