Brolio àbí Greppo: èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ rà?

Ẹni tó bá ń wá wáìnì pupa Ítálì láti ọgbà àjàrà tó ti pẹ́, orúkọ méjì kan kò ní ṣàì yọjú sí i: Brolio ti ìdílé Ricasoli, àti Greppo ti Biondi-Santi ní Montalcino. Agbègbè Tuscany ní Ítálì ni méjèèjì wà, èso àjàrà kan náà, Sangiovese, ni wọ́n sì gbójú lé. Iye owó ló jìnnà síra. Owó ìgò Brunello kan, wáìnì Montalcino tí Greppo ń ṣe, lè ra Brolio márùn-ún, kó tún ṣẹ́ kù.

Láti 1141 ni àwọn Ricasoli ti wà ní Brolio. Bettino Ricasoli, tó ṣe olórí ìjọba Ítálì lẹ́ẹ̀mejì, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1872 bí wọ́n ṣe ní láti po èso àjàrà pọ̀ láti ṣe Chianti, wáìnì agbègbè Brolio. Orúkọ Brolio bọ́ sọ́wọ́ àwọn àjèjì nígbà kan, kí Francesco Ricasoli tó gbà á padà ní 1993. Ní Greppo, Ferruccio Biondi Santi fi Sangiovese nìkan ṣe Brunello ọdún 1888, òun ló sì sọ Greppo di ìlú mọ̀ọ́ká. Ilé-iṣẹ́ Faransé kan, EPI, ló ni ibẹ̀ báyìí. Tó bá jẹ́ ìtàn ìdílé lẹ fẹ́ sanwó fún, Brolio ló borí.

Lójú tèmi, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ mu ún ló yẹ kí ẹ fi yan èyí tí ẹ máa rà. Oṣù 12 péré ni òfin ní kí Chianti Classico, ìyẹn wáìnì Brolio láti àárín gbùngbùn agbègbè Chianti, fi gbó kí wọ́n tó tà á. Brunello ní láti lo ọdún méjì ó kéré tán nínú àgbá onígi, ìkórè 2021 kò sì gbọdọ̀ dé ọjà ṣáájú January 2026. Brolio ń ta sánsán bí èso ṣẹ́rì, ó kan díẹ̀, ó sì bá ẹran màlúù sísun àti ọbẹ̀ tòmátì mu. Greppo tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí máa ń mú ẹnu gbẹ bí ìgbà téèyàn jẹ obì. Ó tó bí ọdún mẹ́wàá kí òórùn awọ àti ewé tábà tó jáde dáadáa. Bí ẹ kò bá ní ibi tútù, bíi ìwọ̀n 12 sí 14 Sẹ́síọ́sì, ẹ má dán an wò. Kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná l'Ékòó yóò bà á jẹ́ kó tó gbó.

Ẹ wo ọrùn ìgò kí ẹ tó sanwó: ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ DOCG (èdìdì Ítálì tó ń jẹ́rìí sí ibi tí wáìnì ti wá) tó ní nọ́ńbà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, Chianti Classico a sì tún ní àwòrán àkùkọ dúdú. Ìgò tí wọ́n kọ “Chianti” lásán sí kì í ṣe ọ̀kan náà. Riserva ti Greppo, ìyẹn Brunello tí wọ́n fi pẹ́ sí i kí wọ́n tó tà á, tí wọn kì í ṣe lọ́dọọdún, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń kó wáìnì jọ.

Tí ọkàn yín bá ṣì wà ní Greppo, tí àpò kò gbà, wọ́n ń ṣe Rosso di Montalcino, wáìnì Sangiovese tí kì í pẹ́ tó Brunello kí wọ́n tó tà á, tó sì dínwó gan-an sí Brunello wọn. Ẹ lè ṣí i lọ́jọ́ tí ẹ rà á.