Google Sheets fún ìṣirò owó àtúnṣe ilé àtijọ́ àti yàrá àfikún

Ọ̀fẹ́ ni Google Sheets, ètò ojú ìwé ìṣirò ti Google, ó wà lórí fóònù, ó wà lórí kọ̀ǹpútà, ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ onílé fi ń kó owó iṣẹ́ ilé sínú rẹ̀ kí birikilà tó dé. Fún ilé tuntun lórí ilẹ̀ gbalasa, kò sí ẹjọ́: ẹ wọn ilẹ̀, ẹ ka búlọ́ọ̀kù, ẹ sọ ọ́ di owó. Ilé àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ fi yàrá kún ló máa ń dán an wò, nítorí púpọ̀ nínú ohun tó ń jẹ owó níbẹ̀ fara sin sẹ́yìn ògiri, sábẹ́ ilẹ̀ àti sókè àjà.

Ẹ fi àwọn àwòṣe tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. "Monthly budget" àti "Annual budget" wà fún owó oṣù àti owó oúnjẹ. Kò sí àyè fún ìwọ̀n níbẹ̀, kò sì sí fún ohun tó máa fọ́. Ojú ìwé òfìfo sàn jù. Òpó méje (ìlà tó dúró lóòró) ló tó: iṣẹ́ (A), ìwọ̀n (B), ohun tí a fi wọ̀n ọ́n, bí àpò tàbí páálí (C), iye ẹyọ kan (D), àpapọ̀ (E), ẹni tó dá iye náà àti ọjọ́ tó dá a (F), àti ipò iṣẹ́ náà (G). Òpó G ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, a ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tó máa ń wọlé kéré lójú. Tí ẹ bá kọ "50 àpò" sí òpó B dípò 50, ọ̀rọ̀ ni Sheets máa kà á sí, =B2*D2 (ìwọ̀n lọ́nà iye ẹyọ kan) á sì gbé #VALUE!, àmì àṣìṣe, jáde. Ìyẹn dára, ẹ ti rí i. Èyí tó léwu ni kí ẹnì kan tẹ iye owó tààrà sí òpó E kó wá fi ọ̀rọ̀ kún un, bíi "pẹ̀lú ọkọ̀". SUM, fọ́múlà tó ń ro iye pọ̀, á fò ó láìsọ nǹkan kan, àpapọ̀ ìsàlẹ̀ á kéré, ojú á sì mọ́lẹ̀ títí di ọjọ́ tí owó máa tán. Ọ̀nà láti mú un kò le: nọ́ńbà máa ń fara ti apá ọ̀tún àyè rẹ̀, ọ̀rọ̀ máa ń fara ti òsì. Ẹ má yí títò yẹn padà nínú òpó E, kí ẹ lè máa fi ojú wá èyí tó sá lọ sí òsì.

Ìṣirò ìwọ̀n ni wọ́n dá Sheets fún, kò sì já ni kulẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú yàrá àfikún 4 m sí 5 m, tí ẹ̀gbẹ́ 5 m kan fara ti ilé àtijọ́. Ògiri tuntun jẹ́ 5 + 4 + 4, ìyẹn 13 m. Tó bá ga ní 3 m, ó di 39 m². Ẹ yọ ilẹ̀kùn ìta kan (0.9 sí 2.1 m) àti fèrèsé méjì (1.2 sí 1.2 m), ó ku 34.23 m². Búlọ́ọ̀kù tí ojú rẹ̀ jẹ́ 450 sí 225 mm, ẹ ka 10 fún m² kan. =ROUNDUP(34.23*10*1.05,0), tó ń sún nọ́ńbà sókè dé odindi, á fún yín ní 360, 5% fún èyí tó máa fọ́ ti wà nínú rẹ̀. Kọnkéré ilẹ̀, 20 m² tó nípọn ní 100 mm, jẹ́ 2 m³. Tí wọ́n bá pò ó ní 1:2:4 (sìmẹ́ǹtì kan, iyanrìn méjì, òkúta mẹ́rin), m³ kan ń gba nǹkan bí àpò sìmẹ́ǹtì 50 kg mẹ́fà àbọ̀, torí náà ẹ kọ 13. Tí fọ́múlà bá ń fapá jánú nítorí kọ́mà tó wà láàárín, ẹ wo Locale (orílẹ̀-èdè tí fáìlì náà ń tẹ̀ lé) nínú Settings. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ń lo sẹmikólọ́ọ̀nù níbẹ̀.

Táìlì ló máa ń tú àṣírí ẹni tó fi ROUND (tó ń mú odindi tó sún mọ́ jù) dípò ROUNDUP. 20 m² pẹ̀lú àfikún 10% jẹ́ 22 m². Páálí táìlì 60 sí 60 cm tó ní ẹyọ mẹ́rin jẹ́ 1.44 m². 22 pín sí 1.44 jẹ́ 15.28. ROUND á sọ pé 15, ROUNDUP á sọ pé 16. Páálí kan péré ni ìyàtọ̀ wọn, àmọ́ tí ẹ bá padà lọ ra a lẹ́yìn oṣù kan, ó ṣeé ṣe kí àwọ̀ rẹ̀ má bá ti àkọ́kọ́ mu, nítorí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sun wọ́n. Ẹ kọ nọ́ńbà ìsunjáde tó wà lára páálí sí òpó F.

Ibi tí Sheets ti ń já ni kulẹ̀ ni pé ìlà tí ẹ kò kọ, òdo ni lójú rẹ̀. Ògiri 5 m yẹn, tó jẹ́ ìta tẹ́lẹ̀, ti di inú ilé báyìí. 15 m² ni wọn máa ha, tí wọn máa rẹ́, tí wọn máa kùn. Ẹ ò lè wọnú yàrá tuntun láìlu ibẹ̀, lílu ògiri tó ru òrùlé sì ń béèrè òpó igi ìdúró fún ìgbà díẹ̀, líńtẹ́ẹ̀lì (tó ń gbé ògiri tó wà lókè ẹnu ọ̀nà) àti ẹni tó mọ ẹrù tó wà lókè. Èérún ògiri tí wọ́n wó ń wú: m³ kan lára ilé lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di m³ kan àbọ̀ lórí ọkọ̀, iye ìgbà tí ọkọ̀ máa lọ ló sì ń jẹ owó. Ibi tí òrùlé tuntun ti pàdé ti àtijọ́ nílò páànù ìdènà omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jò. Ìpìlẹ̀ tuntun máa ń rì díẹ̀, ti àtijọ́ ti rì tán. Tí wọ́n bá fi sìmẹ́ǹtì so ògiri méjèèjì pọ̀ gírígírí, ó máa ń là láti òkè dé ilẹ̀ ní oríkèé wọn. Àyè ìmira ni wọ́n ń fi sílẹ̀ níbẹ̀, ìlà tirẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà.

Òpó G ni a fi ń tún èyí ṣe. Ẹ lo Data validation kí ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré lè wọ ibẹ̀: "rí", "fura", "aìmọ̀". "Rí" ni ohun tí ẹnì kan ti ṣí wò, bí igi òrùlé tí wọ́n ti fi nǹkan ẹnu ṣóńṣó gún wò bóyá ikán ti jẹ ẹ́. "Fura" ni wáyà àtijọ́ tí kò jọ pé ó ní wáyà ilẹ̀, tàbí páìpù irin tí omi rẹ̀ ti ń pọ́n. "Aìmọ̀" ni ìpìlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò. Ìdá tí a máa ń fi kún wọn ni 5%, 20% àti 40%, fún àpẹẹrẹ =SUMIF(G2:G60,"fura",E2:E60)*0.2, tó ń ro owó àwọn ìlà "fura" nìkan pọ̀, tó sì ń mú 20% rẹ̀. Ó sàn ju 10% kan ṣoṣo tí gbogbo èèyàn ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, nítorí ẹ á rí i kedere pé gbígbẹ́ ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpìlẹ̀ lè mú owó ìpamọ́ wálẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Páànù tàbí àjà tí ẹ fura pé ó ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì (ohun ìkọ́lé àtijọ́ tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró) kò sí nínú ètò yìí: ẹ má lù ú, ẹ má rẹ́ ẹ, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí iye yíyọ rẹ̀ sì dúró lọ́tọ̀.

Tí ẹ bá ń pín fáìlì náà pẹ̀lú agbaṣẹ́ṣe, ẹ fún un ní Commenter (kó lè sọ èrò rẹ̀ nìkan), kì í ṣe Editor (tó lè yí nǹkan padà). Tó bá pọn dandan kó kọ nǹkan, ẹ ti òpó D àti E pa pẹ̀lú Protect range. "Show edit history" lórí àyè kan á fi ẹni tó yí iye padà hàn àti ìgbà tó yí i. Fún ohun tí kò gba kọ́bọ̀, iṣẹ́ yìí wúlò gan-an.

Orí fóònù ló ti burú jù. Òpó méje kì í wọ ojú kan, ìka sì máa ń tẹ àyè tí kò yẹ. Ẹ fi View > Freeze di ìlà àkọ́kọ́ àti òpó A mú láti orí kọ̀ǹpútà. Bí ibi iṣẹ́ kò bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fáìlì tí ẹ kò bá tíì tẹ "Make available offline" fún nílé lè má ṣí níbẹ̀.